Capricorn ni mí, wọ́n ní Saturn ti dé bá mi: kí ló wà nídìí ìràwọ̀ yìí gan-an?

ỌmọOṣùKìíní

Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ kẹjọ oṣù January 1997 ni wọ́n bí mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 29. Ọdún tó kọjá ò dáa fún mi rárá. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, ọkùnrin tí a ti jọ ń bọ̀ láti ọdún mẹ́rin ní òun fẹ́ sinmi díẹ̀, onílé náà tún fowó kún owó ilé. Ọ̀rẹ́ mi kan wá júwe obìnrin kan tó ń wo ìràwọ̀ lórí Instagram. Ó ní Capricorn ni mí, Saturn ló ni ìràwọ̀ mi, Saturn ti padà wá gba gbèsè lọ́wọ́ mi. Ó tún ní ọkàn àwa Capricorn tutù bíi yìnyín, òun ló fà á tí ọkùnrin fi ń sá fún wa.

Mo ti san ₦15,000 fún àyẹ̀wò. Ó wá ní kí n mú ₦45,000 wá fún "wíwẹ Saturn", Sátidé méje léraléra, pẹ̀lú àbẹ́là dúdú. N ò tíì san án. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ìtumọ̀ Capricorn yìí gan-an, kì í ṣe ti "owó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí". Kí ló da òun àti Saturn pọ̀? Ṣé lóòótọ́ ló ń padà wá?

Wúràọlá_K

Má san kọ́bọ̀ mọ́. Ẹni tó bá dárúkọ gbèsè tí o ò jẹ, tó sì tún ní òun lòun máa gbà á, ìwọ náà mọ ohun tó ń ṣe.

Àǹtí_Peckham

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń kọ́ nípa ìràwọ̀. N kì í gba owó, mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Nǹkan méjì ni obìnrin yẹn lù pọ̀ mọ́ ara wọn, jẹ́ kí n yà wọ́n.

Capricorn ni ibi tí oòrùn wà lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ. Láti nǹkan bí December 22 títí di January 19 ni oòrùn máa ń wà níbẹ̀. Òun ni ìkẹwàá nínú àwọn méjìlá, ìràwọ̀ ilẹ̀ sì ni, òun àti Taurus àti Virgo.

Ìpadàbọ̀ Saturn, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Saturn, pílánẹ́ẹ̀tì ni, ó máa ń lo nǹkan bí ọdún 29 àtààbọ̀ kó tó yí oòrùn ká lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá wà láàárín ọdún 28 sí 30, Saturn á padà sójú ibi tó wà nígbà ìbí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni o! Ìbáà jẹ́ Leo, ìbáà jẹ́ Pisces. Saturn tìrẹ kò tilẹ̀ sí ní Capricorn, ìbẹ̀rẹ̀ Aries ló wà ní January 1997. Ó yọjú síbẹ̀ ní May 2025, ó fẹ̀yìn rìn padà sí Pisces ní September, ó tún wọlé ní February 2026. Gbogbo ẹ̀yin ẹgbẹ́ tí wọ́n bí nígbà náà lẹ jọ wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ gbèsè ló wá gbà, á jẹ́ pé ó ní ìwé gbèsè tó pọ̀ lọ́wọ́.

Ní ti ìtumọ̀: wo àwòrán rẹ̀ dáadáa. Òbúkọ ni láti orí dé àyà, ẹja ni láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀. Ní Bábílónì ló ti wá, suḫurmāšu ni wọ́n ń pè é, ẹranko Ea ni. Ea yìí ni òrìṣà ọgbọ́n àti ti omi tútù tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ a máa gbẹ́ ẹ sára òkúta tí wọ́n fi ń jẹ́rìí ilẹ̀ tí ọba bá fún ènìyàn, ó sì ti lé ní 3,000 ọdún. Àwọn Gíríìkì wá ní Pan ni, òrìṣà tó ní ìwo àti ẹsẹ̀ ewúrẹ́, tó bẹ́ sínú odò Nile nígbà tó ń sá fún Typhon, abàmì ẹ̀dá kan. Ìdajì tó kan omi ló di ẹja. Èmi fẹ́ràn ti Bábílónì jù. Ìwo ń gun òkè, ìrù ń bẹ nínú ibú. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa Capricorn, òkè gígùn nìkan ni wọ́n ń rí: iṣẹ́, owó, ipò. Wọ́n gbàgbé ìrù.

Tísà_Jọ́gíráfì

Àǹtí, ẹ kú àlàyé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tún ibì kan ṣe. Ẹ ní Capricorn ni oòrùn wà ní January 8. Bí ẹnìkan bá lè pa ìmọ́lẹ̀ oòrùn lọ́jọ́ náà kó fi ojú rẹ̀ wo àwọn ìràwọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, Sagittarius ni yóò rí. January 19 tàbí 20 ni oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ àárín àwọn ìràwọ̀ Capricorn, ó ń jáde ní nǹkan bí February 16.

Ẹ rántí òkòtó tí a máa ń ta nígbà èwe. Bó bá ti fẹ́ rẹ̀ ẹ́, orí rẹ̀ á máa yí rọra bó ṣe ń yí gbirigbiri nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ayé ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n ó ń gbà á tó nǹkan bí 25,800 ọdún kí orí òkòtó yìí tó yípo lẹ́ẹ̀kan. Nǹkan bí ọdún 72 fún ìwọ̀n kan ṣoṣo nínú 360. Hipparchus ará Gíríìkì ti rí i láti nǹkan bí 2,100 ọdún sẹ́yìn. Nígbà tiwọn, Capricorn ni oòrùn máa ń wà nígbà tó bá lọ jìnnà jù sí gúúsù ní December kó tó ṣẹ́rí padà. Ibẹ̀ la ti mú orúkọ Tropic of Capricorn tí ẹ kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì, ìlà tó gba Namibia, Botswana, Madagascar, tó sì kọjá nítòsí São Paulo. Orúkọ dúró síbẹ̀, oòrùn ti kúrò.

Ní ti "ọkàn yín tutù", ní 1948 ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Bertram Forer, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ìwé àpèjúwe ìwà. Olúkúlùkù rò pé tòun nìkan ni. Nínú máàkì márùn-ún, wọ́n fún un ní 4.26 pé ó bá àwọn mu gan-an. Ìwé kan náà ni gbogbo wọn gbà, inú ìwé ìràwọ̀ tí wọ́n ń tà lójú pópó ló ti ṣà á jọ! Ní 1985 Shawn Carlson tún fún àwọn awòràwọ̀ ní àwòrán ìbí àwọn ènìyàn, ìyẹn bí ojú ọ̀run ṣe rí nígbà tí wọ́n bí wọn, ó ní kí wọ́n mú èyí tó bá a mu nínú àpèjúwe ìwà mẹ́ta. Ẹni tó ń fi ojú dídì mú un náà á gba iye tí wọ́n gbà. Ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature ló gbé e jáde.

Àǹtí_Peckham

Tísà, mo mọ òkòtó yín, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun fún wa. Ìràwọ̀ méjìlá tí àwọn aláwọ̀ funfun ń lò kì í ṣe àwọn ìràwọ̀ tó ń tàn lókè mọ́, àkókò inú ọdún ni. Láti ọjọ́ tí ọ̀sán àti òru bá dọ́gba ní March ni wọ́n ti ń kà á, ìwọ̀n 30, ìwọ̀n 30, títí wọ́n á fi pé méjìlá. Capricorn bẹ̀rẹ̀ níbi tí oòrùn ti ṣẹ́rí padà ní December, òkòtó yí o, òkòtó dúró o. Orúkọ ìràwọ̀ kàn dà bí orúkọ àdúgbò: ẹ lè máa gbé Òkè Àdó, kí ẹ má rí òkè kankan.

Ti Carlson, a ti ń bá a jiyàn ọjọ́ ti pẹ́. Ti Forer, mo gbà fún yín.

Ará_Pune_Tẹ́lẹ̀

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wá gbọ́ tàwọn ará Íńdíà o. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kàwé ní Pune. Àwọn kò fi àwọn ìràwọ̀ sílẹ̀ ní tiwọn, ẹ̀yìn oòrùn ni wọ́n ń wò bí Tísà ṣe wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 30, 30 ni wọ́n ń pín in. January 14 ni oòrùn ń wọ Makara, ìyẹn Capricorn tiwọn, lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì máa ń ṣọdún rẹ̀. Ìyá onílé mi á gbé dídùn yànmọtí tí wọ́n fi ṣúgà ìrèké lẹ̀ pọ̀ wá, á ní gbà, kí o máa sọ̀rọ̀ dídùn. Nítorí náà, àbúrò tí wọ́n bí ní January 8, wọn ò ní pè é ní Capricorn lọ́hùn-ún, Sagittarius ni wọn á pè é. Makara náà kì í ṣe òbúkọ, ẹran omi tó jọ ọ̀nì ni.

Ṣùgbọ́n Saturn! Shani ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì bẹ̀rù rẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọdún méjì àtààbọ̀ ló ń lò nínú ìràwọ̀ kan. Bó bá wọ èyí tó ṣáájú ìràwọ̀ tí òṣùpá rẹ wà, tó wọ èyí tí òṣùpá náà wà, tó tún wọ èyí tó tẹ̀ lé e, ọdún méje àtààbọ̀ nìyẹn, Sade Sati ni wọ́n ń pè é. Sátidé Sátidé ni wọ́n ń da òróró sí i lórí. Abúlé kan wà ní Maharashtra, Shani Shingnapur, wọn kì í fi ilẹ̀kùn sílé láyé àtijọ́, wọ́n ní olè tó bá jalè níbẹ̀, Shani ń wò ó. Onídàájọ́ ni lójú wọn. Ìyá onílé mi máa ń sọ pé ohun tí o bá gbìn ló máa bá ọ ṣírò. N ò gbọ́ àbẹ́là dúdú lẹ́nu rẹ̀ rí.

ỌmọOṣùKìíní

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti di Sagittarius lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí mẹ́ta 😅. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ta ló fún Saturn ní Capricorn? Mo tún rí i níbì kan pé òun náà ló ni Aquarius.

Ọmọ_Àáfà_Ìlọrin

Kí Àǹtí tó dé: ní ilé wa, tí wọ́n bá béèrè ìràwọ̀ rẹ, kì í ṣe ọjọ́ ìbí ni wọ́n ń béèrè. Orúkọ rẹ ni àti orúkọ ìyá tó bí ọ. Lẹ́tà Lárúbáwá kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀, láti 1 títí dé 1,000. Bàbá mi á ro wọ́n pọ̀, á máa yọ méjìlá méjìlá kúrò, èyí tó bá ṣẹ́kù ni ìràwọ̀ rẹ. Bó bá ṣẹ́ ku mẹ́wàá, Al-Jadi nìyẹn, ọmọ ewúrẹ́, ìràwọ̀ ilẹ̀. Zuhal, ìyẹn Saturn, ló ni ín. Wọ́n bí èmi ní March, síbẹ̀ Al-Jadi ni mí nínú ìṣirò bàbá mi. Àwọn obìnrin tó ń wá béèrè bóyá ìràwọ̀ àwọn àti ti ọkọ àfẹ́sọ́nà bára mu, ẹ ò lè kà wọ́n tán.

Èmi ò ṣe é mọ́. Nínú hádíìsì Muslim, ẹni tó bá lọ béèrè nǹkan lọ́wọ́ aríran, àdúrà ogójì òru rẹ̀ kò ní gbà. Bàbá mi ní ìṣirò lòun ń ṣe, òun kì í ríran. A ṣì wà lórí àríyànjiyàn yẹn.

Àǹtí_Peckham

Ìbéèrè dáadáa nìyẹn, ibẹ̀ gan-an sì ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Ẹ fojú inú wo ojú ọ̀run kó tó di pé awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀run dé. Ohun méje ló ń rìn níbẹ̀: oòrùn, òṣùpá, àti pílánẹ́ẹ̀tì márùn-ún tí ojú lásán ń rí. Ní ilẹ̀ òkè òkun níhà àríwá, ìgbà tí ooru bá mú jù ni Cancer àti Leo, wọ́n wá fún òṣùpá ní Cancer, wọ́n fún oòrùn ní Leo. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìyókù sí apá méjèèjì, láti orí ẹni tó yára jù. Mercury gba Gemini àti Virgo. Venus gba Taurus àti Libra. Mars, Aries àti Scorpio. Jupiter, Pisces àti Sagittarius. Saturn tó ń wọ́ bí ìgbín ló gba méjì tó kù, Capricorn àti Aquarius, tó dojú kọ ilé oòrùn àti òṣùpá, àárín òtútù gan-an. Ptolemy, ọ̀mọ̀wé ìràwọ̀ àtijọ́, ti kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọ̀rúndún kejì. Nígbà tí William Herschel rí pílánẹ́ẹ̀tì Uranus ní 1781, àwọn awòràwọ̀ tó tẹ̀ lé e gba Aquarius lọ́wọ́ Saturn fún un. Èmi kì í bá wọn gbà á.

Nítorí náà, ohun tí Saturn jẹ́ ni ààlà. Òun ni wọ́n rí gbẹ̀yìn, lẹ́yìn rẹ̀ àwọn ìràwọ̀ tí kì í rìn ló kù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ ogbó, òfin, sùúrù, egungun àti eyín ti wá. Kajamānu ni àwọn ará Bábílónì ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí kì í yẹ̀. Ẹ ò rí gbèsè níbẹ̀.

Wúràọlá_K

Àmọ́ ṣebí Saturn yìí ni Kronos, òrìṣà àkókò, tó ń gbé àwọn ọmọ rẹ̀ mì? Àkókò ń jẹ gbogbo wa. Ṣé òun náà ló fà á tí Sátidé fi jẹ́ Àbámẹ́ta lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ tí kò dáa?

Tísà_Jọ́gíráfì

Kronos tó gbé ọmọ mì yàtọ̀ sí Chronos tó túmọ̀ sí àkókò. Ìró wọn jọra, àwọn Gíríìkì fúnra wọn ti ń dà wọ́n pọ̀ láyé àtijọ́, ìyẹn ni kò jẹ́ kó tán. Saturn ti àwọn ará Róòmù, òrìṣà irúgbìn ni, dòjé wà lọ́wọ́ rẹ̀. December 17 ni ọdún rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá á máa gbé oúnjẹ fún ẹrú, gbogbo ìlú á máa ṣàríyá. Kò jọ ẹni tó ń kó ìbànújẹ́ kiri.

Bàbá_Modákẹ́kẹ́

Ẹ kúu jíjókòó. Wúràọlá, Sátidé ni orúkọ Saturn wà nínú rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Róòmù dé ọ̀dọ̀ òyìnbó. Àbámẹ́ta, orúkọ tiwa ni, kò sí Saturn níbẹ̀. Lóòótọ́ àwọn àgbà kan kì í fẹ́ dáwọ́ lé ohun tuntun lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo gbọ̀ngàn ayẹyẹ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kí ẹ sọ fún mi ẹni tó ṣì ń bẹ̀rù rẹ̀.

Ìwọ ọmọ mi tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ibì kan wà nínú ohun tí o kọ tó ń dùn mí láti àná. Ó ní ọkàn yín tutù. Ṣé èébú nìyẹn? Mátíù orí karùn-ún ní alábùkún fún ni àwọn ọlọ́kàn tútù. Bí a bá ń ṣàdúrà fún ènìyàn, a kì í ní kí ilé rẹ̀ gbóná. A ní kí ilé tutù, kí ọ̀nà tutù, kí ara tutù. Àwọn tó kọ ìwé ìràwọ̀ yìí, òtútù ń pa wọ́n kú ní December, omi ń dì, igi ń wọ́wé, ojú burúkú ni wọ́n fi ń wo tútù. Tiwa ní December, ọyẹ́ ni, ètè ń bó, ìjì eruku ń fẹ́, ó sì tutù ní òwúrọ̀. Mo gbọ́ pé Ptolemy tí ẹ dárúkọ ní Saturn tutù, ó sì gbẹ díẹ̀. Ọyẹ́ náà nìyẹn! Ta ló sá fún ọyẹ́ rí? A fi epo pa ara ni, a ń dáná yá.

Tísà_Jọ́gíráfì

Bàbá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kòńgẹ́ lásán ni ti ọyẹ́ yẹn o. Ẹni tí wọ́n bí ní Johannesburg ní January 8, inú ìgbà ooru tiwọn ló bọ́ sí. Bó bá jẹ́ àkókò inú ọdún ló ń fún Capricorn ní ìwà, bí Àǹtí ṣe wí, á jẹ́ pé ọmọ Johannesburg ní láti gba ìwà Cancer. Mi ò tíì rí awòràwọ̀ tó dáhùn èyí kó tẹ́ mi lọ́rùn.

Àǹtí_Peckham

Èmi náà ò tíì rí i. Mo ń fi ìràwọ̀ ronú nípa ara mi ni, n kì í fi ṣe ìdájọ́ ẹlòmíràn. Ẹ tún gbọ́ o: sísọ pé "Capricorn ni mí" nítorí oòrùn nìkan, àṣà ìwé ìròyìn ni. Ìgbà tí wọ́n bí Princess Margaret ní 1930 tí Sunday Express ti London gbé àyẹ̀wò ìràwọ̀ rẹ̀ jáde ni òǹkàwé fẹ́ràn rẹ̀, láti ibẹ̀ ni ti oṣooṣù ti gbilẹ̀. Augustus ọba Róòmù tẹ Capricorn sára owó rẹ̀, September 23 ni wọ́n sì bí i. Ọ̀pọ̀ gbà pé òṣùpá rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Abẹ́òkúta

Ẹ jọ̀ọ́, January 12 ni wọ́n bí àwọn ìbejì mi, ogún ìṣẹ́jú ló wà láàárín wọn. Táyé kì í dákẹ́, owó kì í dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Kẹ́hìndé ń tọ́jú owó oúnjẹ àárọ̀ ilé ìwé láti kíláàsì kejì, ó ń yá àwa òbí rẹ̀ lówó, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Capricorn kan náà, Saturn kan náà, ìyá kan náà. Mo kàn ní kí n sọ ọ́.

Ọmọ_Àáfà_Ìlọrin

😂 Kẹ́hìndé ni kí ẹ fún ní gbogbo Saturn.

ỌmọOṣùKìíní

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ̀wé sí obìnrin náà pé Saturn mi ò sí ní Capricorn, Aries ló wà, kí ló fẹ́ wẹ̀ níbẹ̀? Ó ní mo ti lọ bá àwọn ọ̀tá sọ̀rọ̀, ó sì dí mi lọ́nà. ₦15,000 ti lọ nìyẹn. Mo fi èyí tó kù san apá kan owó ilé.

Mo fi wákàtí tí ìyá mi sọ, aago méjì ọ̀sán, wo àwòrán ìbí mi lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òṣùpá mi náà wà ní Capricorn, ọjọ́ kejì ni òṣùpá tuntun lé. Tísà, mo sì gbé Stellarium, ètò tó ń fi ojú ọ̀run hàn, sórí kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ náà, mo dá a padà sí January 8, 1997. Sagittarius lóòótọ́. Bàbá, mo ka ti ọlọ́kàn tútù yẹn fún ìyá mi, wọ́n ní kí n kí yín.

Mo ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ má sọ nǹkan kan.

Àlejò_Tuntun

Ẹ jọ̀ọ́, January 20 ni èmi ní tèmi. Àwọn kan ń pè mí ní Capricorn, àwọn kan ń pè mí ní Aquarius. Èwo ni kí n mú?

Àǹtí_Peckham

Láàárín January 19 sí 20 ni oòrùn ń kúrò níbẹ̀, wákàtí rẹ̀ kì í sì dúró lójú kan láti ọdún dé ọdún. Sọ ọdún àti wákàtí tí wọ́n bí ọ. Lọ́dọ̀ Ptolemy ṣá, èyíkéyìí tó wù kó jẹ́, Saturn kan náà lo ó bá nílé.